Òfin Wà, Ìtọ́jú Dà? Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọ̀dọ́ àti Àgbà Tí Ó Ní Ọ́tísìmù

Bí a bá ní kí ọmọ Òkè-Ìlá kan ka àwọn aláìlera tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀, afọ́jú ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà arọ, lẹ́yìn náà adití. Àwọn wọ̀nyí ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n àìlera mìíràn wà tí ojú kì í rí, tí ẹni tí ó ní in sì lè rẹwà, kí ó ga, kí ó sì lágbára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Inú ilé ni wọ́n sábà máa ń tì í mọ́. Bí àlejò bá dé, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń mú un lọ. Dìndìnrìn ni àwọn kan ń pè é, ẹlẹ́gbẹ́ ni àwọn kan ń pè é, àwọn tí ó rò pé àwọn gbọ́ ẹ̀sìn jù sì ń sọ pé àlùjọ̀nnú ni ó wà lára rẹ̀. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é ni ọ́tísìmù. Àwọn díẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni wọ́n máa ń sọ. Bí ọmọ náà bá ti hu irùngbọ̀n, gbogbo ẹnu a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ti hu irùngbọ̀n ni ó yẹ kí ó ká Mùsùlùmí lára.

Ọ́tísìmù kì í ṣe àrùn tí ń ràn, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe èpè. Ọ̀nà tí ọpọlọ ẹni bẹ́ẹ̀ gbà dàgbà ni ó yàtọ̀, láti ìgbà tí ó ti wà nínú oyún. Ọ̀rọ̀ lè pẹ́ kí ó tó yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè má yọ rárá. Ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ geere, ó sì lè mọ ìṣirò ju olùkọ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí àwàdà jẹ́ àwàdà. Kí ènìyàn wo ojú rẹ̀ máa ń ni ín lára. Ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òórùn kan, aṣọ tí ó ń ta á lára, èyíkéyìí nínú wọn lè dà bí iná fún un. Ó fẹ́ kí ohun gbogbo rí lónìí bí ó ti rí lánàá. Wárápá sì máa ń bá wọn jà ju bí ó ti ń bá àwọn ẹlòmíràn jà lọ.

Ní ọdún 1943 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Leo Kanner, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé jáde lórí ọmọ 11 tí ó ṣe àkíyèsí ìṣesí yìí lára wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kan dìde, Bruno Bettelheim jẹ́ gbajúmọ̀ láàrin wọn, tí wọ́n di ẹ̀bi ru ìyá: wọ́n ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni ó sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìwádìí tó fi hàn pé irọ́ gbáà ni. Nítorí náà, obìnrin Èkìtì tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń bú pé ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí ó lóyún, kí ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́: àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ funfun náà ti fi ìyà irú rẹ̀ jẹ àwọn ìyá tiwọn. Irọ́ kejì jáde ní 1998, nígbà tí Andrew Wakefield kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná èéyi wà lára ohun tí ó ń fa ọ́tísìmù. Ní 2010 ni wọ́n fa ìwé náà yọ, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn oníṣègùn ní Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n irọ́ ti rin ìrìn-àjò. Àwọn Mùsùlùmí ọmọ Sòmálíà tí wọ́n ń gbé ní Minnesota, Amẹ́ríkà, gba irọ́ náà gbọ́, ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ láti gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ wọn, èéyi sì jà láàrin wọn ní 2011 àti ní 2017. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ọ̀rọ̀ orí fóònù kiri, ẹ ṣọ́ra.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, ènìyàn kan nínú 127 ni ó ní ọ́tísìmù káàkiri ayé. Ìkànìyàn ọdún 2006 rí ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àgbáyé yẹn wọn àwa náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn kò pọ̀jù láti fọkàn sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti kúrò ní ọmọdé. Níbo ni wọ́n wà? Inú yàrá ẹ̀yìn náà ni.

Ọ́tísìmù kì í fi ènìyàn sílẹ̀ nígbà tí ó bá bàlágà. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ń forí gbá ògiri, ìyá rẹ̀ lè gbà á mọ́ra títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá pé ogún ọdún, ọwọ́ ìyá kò ká a mọ́, ẹ̀yìn ìyá pàápàá ti ń ro ó. Bí ó bá já sí títì Ìjìgbò láìwọ aṣọ, àwọn èrò kò ní rí aláìlera. Wèrè tàbí olè ni wọn yóò rí, a sì mọ ohun tí ojú ẹni tí wọ́n pè ní olè ń rí lọ́wọ́ èrò. Bí ọlọ́pàá bá bi í ní ìbéèrè tí kò dáhùn, àìdáhùn náà di ẹ̀sùn. Ti ọmọbìnrin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí kò lè ròyìn ohun tí wọ́n ṣe sí i ni àwọn oníṣẹ́ ibi máa ń wá.

Nígbà tí ọwọ́ kò bá ká a mọ́ ni ìdílé máa ń wá ibi tí wọn yóò gbé e sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ẹlẹ́sìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ibùdó ìtúnwàṣe kan tí ó wà nínú ọgbà mọ́sálásí ní agbègbè Ọjọ́ọ̀, Ìbàdàn. Ní oṣù kan náà ni àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibi 28 tí wọ́n ṣe àbẹ̀wò sí ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Àbújá. Àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni wọ́n rí tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè: nílé ìwòsàn, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àwọn ọ̀tá ẹ̀sìn ni ó gbé ìròyìn náà jáde. Ẹ̀wọ̀n jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka Àlùkùráánì sí aláìlera lórí, kí ó kà á. Kíkà náà kò nílò kòbókò, kò nílò ebi, kò sì nílò ìdè. Ẹni tí a bí pẹ̀lú ọpọlọ tí ó yàtọ̀, kí ni a fẹ́ lé jáde lára rẹ̀?

Ìwà mìíràn tún wà tí àwọn àgbà ń hù pẹ̀lú èrò rere, ìyẹn ni kí wọ́n fẹ́ ìyàwó fún irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ pé orí rẹ̀ yóò pé bí ó bá ní ilé tirẹ̀. Ìgbéyàwó kì í ṣe oògùn. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ọ́tísìmù tí wọ́n sì mọ ohun tí yìgì jẹ́, tí wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí wọ́n sì lè gbé ẹrù ilé. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dí wọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n èyí tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin yìgì àti ìkómọ, ẹni tí a bá fà lé e lọ́wọ́ ni a rẹ́ jẹ.

Ìbéèrè tí ó ń gba oorun lójú àwọn òbí ni ti ọjọ́ tí àwọn kò ní sí mọ́. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibi tí ẹ̀tọ́ ti ń sọnù jù lọ nìyí. Baba kú, wọ́n pín ogún, wọ́n ka ìpín ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá. Ẹ̀gbọ́n ti fi ilẹ̀ náà kọ́lé, àbúrò sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó ti jẹun. Sūratun-Nisā'i ti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí kò lè ṣe àkóso dúkìá ara rẹ̀: wọn kò ní í kó owó lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú owó náà ni oúnjẹ àti aṣọ rẹ̀ yóò ti wá, ọ̀rọ̀ tí ó dára ni wọn yóò sì máa bá a sọ. Ẹ kíyè sí i pé a kò gba dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀ láti fún ẹlòmíràn. Alábòójútó ni alábòójútó í jẹ́, kì í ṣe ajogún. Baba tí ó bá ní irú ọmọ yìí, kí ó yan alábòójútó nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà láyé, kí ó yan ẹnìkejì tí yóò máa bi ẹni àkọ́kọ́ léèrè ìṣirò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, kí agbẹjọ́rò sì bá a fi ìwé náà pamọ́ sí ilé ẹjọ́ gíga. Àsọọ́lẹ̀ ẹnu kò tó. Ọ̀pọ̀ àsọọ́lẹ̀ ẹnu ni wọ́n ti sin pọ̀ mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́.

Síbẹ̀ kò tọ́ kí a di gbogbo ẹrù yìí ru ìdílé nìkan. Àwọn òpìtàn Mùsùlùmí kọ ọ́ sílẹ̀ pé Kálífà al-Walīd ọmọ 'Abdul-Malik, tí ó jọba ní Dàmásíkù láti 705 sí 715, fún àwọn aláìlera ní owó láti inú àpò ìjọba kí wọ́n má baà máa tọrọ jẹ, ó fún arọ ní ìránṣẹ́, ó sì fún afọ́jú ní ẹni tí yóò máa mú un rìn. Èyí lé ní ẹgbẹ̀fà ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ìjọba máa náwó lórí aláìlera, ìtàn ẹ̀sìn rẹ̀ ni kò kà.

Nàìjíríà kò ṣaláìní òfin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni a gbọ́ pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí òfin ọdún 2018 tí ó ka fífi ojú ẹ̀gàn hàn sí àwọn aláìlera léèwọ̀. Òfin náà kò mọ sórí arọ àti afọ́jú. Ó dárúkọ àìlera ọpọlọ àti ti òye tí ó pẹ́ lára ènìyàn. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ti aláìlera títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíráńmà. Ó ní ẹni tí ó ní àìlera ọpọlọ yóò gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Ó ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìlera. Ẹni tí ó bá fi àìlera dù wọ́n ní ẹ̀tọ́ wọn lè san ₦100,000 tàbí kí ó lo oṣù mẹ́fà ní ẹ̀wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, mílíọ̀nù kan náírà ni. Ìjìyà kan náà ti ₦100,000 tàbí oṣù mẹ́fà ń dúró de ẹni tí ń fi aláìlera tọrọ owó, èyí tí ó yẹ kí àwọn tí ń to aláìlera sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀ gbọ́ dáadáa. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ kan náà fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 sì ti rọ́pò òfin wèrè tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa. Èkìtì pẹ̀lú wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ní òfin tiwọn fún àwọn aláìlera.

Ní báyìí, kí ìyá kan ní Òkè-Ìlá mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, kí ó wá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ náà lọ. Níbo ni yóò yà sí? Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè dárúkọ ohun tí ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn orúkọ náà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, wọ́n lè ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn U.C.H. ní Ìbàdàn, tàbí kí ó lọ sí Èkó, níbi tí àwọn ibùdó aládàáni bíi Patrick Speech and Languages Centre ti wà láti 2006. Owó ọkọ̀, owó ilé àti owó ẹ̀kọ́ ni ìyẹn, oṣooṣù. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wà fún àwọn afọ́jú ní Ìkẹ́rẹ́, ó wà fún àwọn adití ní Ìkoro. Ẹni ọdún 22 tí ó ní ọ́tísìmù kì í ṣe afọ́jú, kì í sì í ṣe adití, ó sì ti dàgbà ju ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ìyá náà yóò mú ìwé oògùn bọ̀ wálé.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ni ìjọba àti ètò adójútòfò ìlera ṣì ní láti lóye. Kò sí oògùn tí ń wo ọ́tísìmù. Èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò, bíi risperidone àti aripiprazole, inú fùfù àti ìwà ipá ni ó ń rọ̀ lójú, ó sì ní ewu tirẹ̀ bí a bá ń lò ó láìsí àyẹ̀wò. Ohun tí ó ń ran àgbàlagbà tí ó ní ọ́tísìmù lọ́wọ́ ni ènìyàn: ẹni tí yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe fi àwòrán tàbí fóònù sọ ohun tí ó fẹ́ bí ẹnu rẹ̀ kò bá sọ ọ́, ẹni tí yóò kọ́ ọ ní wíwẹ̀, oúnjẹ sísè àti owó kíkà, ẹni tí yóò bá a wá iṣẹ́ tí ariwo kò pọ̀ níbẹ̀, tí yóò sì dúró tì í títí yóò fi mọ̀ ọ́n, àti ẹni tí yóò gba ìyá sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí òun náà lè sùn. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wà nínú ètò náà, ìpínlẹ̀ wa sì ní ètò tí ó pè ní Ulerawa fún àwọn aláìní. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ètò bá ń san owó abẹ́rẹ́ àti oògùn, tí kò sì san owó ẹni tí ń kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ sísọ, ibi tí ó ń dun aláìsàn kọ́ ni ó fọwọ́ bà. Wọ́n ti kọ́ àtẹ̀gùn fún kẹ̀kẹ́ arọ ní àwọn ilé ìjọba kan. Yàrá tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ àti nọ́ọ̀sì tí ó mọ ohun tí ó ń wò ni àtẹ̀gùn ti ẹni tí ó ní ọ́tísìmù.

Àwọn aláṣẹ yóò sọ pé owó dà? Ìpínlẹ̀ Èkìtì kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tí ó ti pé ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣooṣù ní 2011, nígbà tí Gómìnà Kayode Fayemi wà lórí oyè. Owó kò pọ̀ lápò Èkìtì nígbà náà ju bí ó ti wà lápò àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lọ. Ìfẹ́ ni ó wà. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, ètò náà dẹnu kọlẹ̀. Èyí ni ó fi hàn pé ohun tí a bá gbé lé orí inú rere gómìnà kan, yóò bá gómìnà náà relé. Inú òfin àti inú àbá ìṣúná ni kí a kọ ọ́ sí, pẹ̀lú iye owó níwájú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ohun tí a ń wí wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Èkìtì pọ̀ sí. Ní 2009 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin kan fún ọ́tísìmù nìkan, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà gan-an ni òfin náà sì dá lé. Ó mú un ní dandan fún ìjọba láti kọ ètò sílẹ̀ fún wọn, ètò àkọ́kọ́ sì jáde ní 2010. Ó sọ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ṣe. Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń tò fún ìgbà pípẹ́ lọ́hùn-ún kí oníṣègùn tó yẹ̀ wọ́n wò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ibẹ̀ ni àlùjánnà. Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n tò sí wà; tiwa kò tíì ní ilẹ̀kùn tí a lè tò sí. Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, Qatar, ni ó sì gbé àbá lọ síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2007 kí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin di ọjọ́ ọ́tísìmù lágbàáyé. Ọjọ́ náà ń kọjá ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí wa láìsí wáàsí kan.

Ohun tí ó ṣeé béèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkìtì kò ga ju ohun tí ọwọ́ lè tó. Kí ó fún nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ìdálẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lè mọ ọ́tísìmù lójú, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọn yóò darí ẹni náà sí. Kí ó ṣí ibùdó ọ̀sán kan ní Adó fún àwọn tí ó ti kọjá ọdún 18, kí ó sì gba àwọn tí ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìlera sì kéde pé ọ́tísìmù wà nínú àìlera tí òfin ń sọ, kí akọ̀wé ilé ìwòsàn má baà máa bá ìyá jiyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà wà nílẹ̀, wọn kò sì ní láti dúró de ìjọba. Ẹni tí ariwo gbohùngbohùn ń dà láàmú lè kírun ní ẹ̀yìn, ní ibi tí ohùn kò ti lágbára, kí ọ̀dọ́ kan sì dúró tì í. Bí ó bá kígbe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé òun àti baba rẹ̀ jáde. Àwọn olùkọ́ ilé-kéwú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ tí kò wo ojú ẹni kì í ṣe aláfojúdi. Sàká tọ́ sí ìdílé aláìní tí ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ bọ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn agbẹjọ́rò inú ẹgbẹ́ lè bá àwọn òbí kọ ìwé alábòójútó láìgba owó, kí wọ́n sì bá wọn tọ ọ̀nà ìwé-ẹ̀rí àìlera tí òfin 2018 sọ: ìwé oníṣègùn ni àkọ́kọ́, ti àjọ náà ni ó ń tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni kíka orúkọ. Àwọn ẹ̀ka ọ̀dọ́ ní Òkè-Ìlá, Bàsírì àti Àjílòsùn lè rán arábìnrin méjì-méjì lọ láti ilé dé ilé, nítorí obìnrin ni ìyá yóò ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn fún. Kí wọ́n kọ ọjọ́ orí, ohun tí ẹni náà lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Kí orúkọ wà lọ́dọ̀ ẹni kan tí ó lè pa àṣírí mọ́. Iye wọn ni kí a gbé lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà ìlera àti sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin tí ń ṣojú Adó. Ìparí ọdún ni gómìnà sábà máa ń gbé àbá ìṣúná lọ sí iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, nítorí náà kí iye náà ti wà lórí tábìlì wọn kí oṣù kẹsàn-án tó parí.